Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kọ̀ Láti Pè

Mo rántí ìgbà tí òórùn omi òdòdó máa ń kí mi káàbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kí mi. Ní Mission Bend ni, ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, nínú ilé kan tí kò fi ohunkóhun yàtọ̀ sí àwọn ilé tó yí i ká: bíríkì pupa níwájú, koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, igi kan tí kò tíì lè ṣíji bo ara rẹ̀, ká má tíì sọ èèyàn. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, òórùn náà á bò mí, nítorí pé ìyá tó ń gbé ibẹ̀ kì í mu tíì kó má kán omi òdòdó sí i. Nínú ìgò kéékèèké ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ń ṣọ́ ọ lò bí oògùn. Èmi, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlélógún, ni wọ́n gbà láti máa bá a jókòó ní ojúmọmọ. Ọba ni bàbá rẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ. Náírà ti ń ṣàárẹ̀, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa láti ilé sì ti di ohun tí à ń gbọ́ nípa rẹ̀ tí a kò rí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ni mò ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, òun ló sì gbọ́ nípa iṣẹ́ náà lẹ́nu obìnrin kan ní ìjọ Aládùúrà wa. Ó ní ìyá kan wà tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, kò bímọ, ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń gbé. Ẹ́ńjìníà ni ọmọ náà, ilé iṣẹ́ epo ní Baytown ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn débi pé ìrọ̀lẹ́ pátápátá ló ń padà wọlé. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fún ìyá náà ní oògùn, tí yóò máa se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, tí kò sì ní máa sọ̀rọ̀ jù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ó dá òun lójú pé mo lè ṣe méjì àkọ́kọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni èmi àti ìyá náà jọ ń sọ. Tirẹ̀ ń rọra jáde bí ẹni ń ka ìwé, tèmi ni mo ń fi ahọ́n lọ́ kí n lè dà bí ará Amẹ́ríkà. Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì kò mọ àgbà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bá ọba sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá ajá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, "Màmá" ni mò ń pè é, nínú ọkàn mi "ẹ" ni mo sì ń lò fún un. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ni n ó máa fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí ìtàn má baà lọ́ mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé n kò rí ẹ̀kọ́ ilé gbà.

Ní Houston ìgbà náà, bí èèyàn bá ju òkò sáàrin àwa ọmọ Nàìjíríà, orí ọmọ ọba ni yóò bà. Èmi náà kò gbẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, bí mo ṣe ń bu ọbẹ̀ fún un, mo sọ fún un pé kó má wò mí báyìí o, ọmọ ọba ni mí nílé. Mo sọ ààfin wa di ńlá, mo fi ọgbà òdòdó sí i, mo tún fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Ta ló ń pè ọ́ lórúkọ níbẹ̀?" Mo ní ìbéèrè náà kò yé mi, gbogbo èèyàn ló ń pè mí lórúkọ. Ó dìde, ó lọ mú àwòrán kan jáde láti inú àpótí aṣọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin méjì ló wà lórí àtẹ̀gùn òkúta, aṣọ kan náà lọ́rùn wọn. Ẹ̀gbọ́n ń wo ẹni tó ń ya àwòrán, àbúrò ń wo ẹ̀gbọ́n. "Èmi nìyí," ó fi ìka kan èyí àbúrò. "Bàbá wa ló jọba kẹ́yìn ní ìlú wa."

Ojú tì mí débi pé mo jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún un pé ewúrẹ́ ló ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin wa, pé ìdílé tiwa ti ń retí kí oyè yí kàn wá láti ayé bàbá bàbá mi, pé wolé-wolé ni bàbá mi, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn káàkiri ìlú láti wá tanwíji nínú ìkòkò omi àwọn èèyàn. Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù fún ọkàn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́.

Ìlú rẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀, mo ti ṣèlérí. Òkè ló yí i ká, yìnyín kì í sì í tán lórí àwọn òkè náà. Ọ̀tẹ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá ní ohun tó lé ní ogún ọdún kí n tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń kọ ìtàn á sọ fún yín bí ọba ṣe ṣubú àti ẹni tó jókòó sí ipò rẹ̀. Ohun tí òun ń sọ fún mi, bí mo bá ń ya irun rẹ̀ láàárọ̀, kò sí nínú ìwé ìtàn kankan. Ó ní ọgbà inú lọ́hùn-ún ni gbogbo ayé àwọn, ògiri gíga mẹ́rin àti adágún omi kan láàrin. Télọ̀ ààfin ní kẹ̀kẹ́ kan. Bó bá ti wọlé láti wọn aṣọ fún àwọn ìyàwó bàbá wọn, àwọn méjèèjì á gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á di ìjókòó mú lẹ́yìn, àbúrò á máa wà á yí omi ká. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ náà ni àbúrò wọ inú omi, tòun ti kẹ̀kẹ́. Ó ní kí n fọwọ́ kan àpá rẹ̀ ní àgbọ̀n òun. Wọ́n sọ fún àwọn àgbà pé ológbò ló fi èékánná ya á, télọ̀ sì gbé kẹ̀kẹ́ tó tutù rinrin lọ sílé láìbéèrè ọ̀rọ̀.

Wọn kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí náà kò sí ohun tó dùn lẹ́nu wọn tó o. Bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ló ń bá wọn ra hóró bàrà yíyan, inú fìlà rẹ̀ ló ń kó o sí wọlé, wọ́n á sì bo èèpo rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìdí òdòdó kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Nígbà tó di pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n fún ọkùnrin pàtàkì kan tó ń ṣojú ìlú wọn ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jiyàn lórí ohun kan ṣoṣo. Wọn kò rí ọkùnrin náà láìdé fìlà rí, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá orí rẹ̀ pá. Ẹ̀gbọ́n bá a lọ sí ìlú òtútù kan níbẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ sí àbúrò rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Ó pá." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo rí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lójú ìyá àgbà, inú mi sì dùn bí ẹni pé èmi náà wà níbẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé ìbéèrè tó bi mí lọ́jọ́ tí mo fi ààfin wa yangàn. Nílé wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọmọ ọba obìnrin lórúkọ, àfi ìyá rẹ̀ àti ọmọ ìyá rẹ̀. Bàbá pàápàá kì í pè é. Ìmọ́lẹ̀ Kìíní ni gbogbo ayé ń pe ẹ̀gbọ́n, Ìmọ́lẹ̀ Kejì ni wọ́n ń pe òun. Ẹ́ńjìníà náà, títí di ìgbà yẹn ní Houston, Ìmọ́lẹ̀ Kejì ló ń pè é ní èdè wọn bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó wá ku ẹnu kan ṣoṣo láyé tó ń pè é lórúkọ. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ dé, aṣọ àti ìwé ọmọ alásè ló fi kọjá ẹnubodè, ó sì pọn ọmọ kékeré àbúrò rẹ̀, ẹ́ńjìníà yìí, sẹ́yìn. Orúkọ ọmọ alásè náà ló wà nínú gbogbo ìwé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Mo sọ fún un pé àwa náà kì í pe ọba lórúkọ, pé ìyàwó ilé wa kò sì gbọdọ̀ pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rákò. "Ó yé ọ nígbà náà," ni ó wí. Mo ní ó yé mi. Kò tíì yé mi rárá.

Mo mọ òwe nígbà náà ju bí mo ṣe mọ ìgbà tí wọ́n ń pa á lọ. Lọ́jọ́ kan tó ń sọ bí iná ṣe jó ààfin wọn, mo fẹ́ tù ú nínú, mo ní àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un dáadáa, inú ara mi tilẹ̀ ń dùn sí ìtumọ̀ náà. Ó ní, "Àbúrò mi wà nínú ilé náà." Bàbá ẹ́ńjìníà ni, ọmọ tí ìyàwó mìíràn bí fún ọba. Mo sunkún nínú ilé ìdáná wọn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe sunkún fún òkú ẹnikẹ́ni nílé wa lọ. Lọ́jọ́ kejì ó bu ṣúgà lé ṣúgà fún mi nínú tíì, ó ní kí n máa bá ìtàn wolé-wolé lọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dárí jì mí.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀, láago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi tẹlifóònù pè é láti ìlú òtútù yẹn. Mo máa ń jáde lọ bá igi tí kò ní ìbòòji náà dúró, kí n má baà gbọ́ ohun tí kò kàn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbọ́ èdè wọn. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mò ń gbọ́ láti ìta. Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan, aago mẹ́wàá lù, mo jáde, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wọlé, mo bá a níwájú tẹlifóònù, ó gbọ́wọ́ lé itan. Lọ́jọ́ kejì ẹ́ńjìníà kò lọ síbi iṣẹ́. Òun ló sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà pé ẹ̀gbọ́n ti kú.

Ó tó oṣù kan kí ìyá náà tó lè sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mò ń ya irun rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, n kò gbọ́ orúkọ mi mọ́. Mo pè é fúnra mi lánàá, kò dún dáadáa. Èèyàn kì í pe ara rẹ̀." Ó fà mí mọ́ra, ó sọ orúkọ náà sí mi létí. Orúkọ kékeré tó rọ̀ ni. "Ìwọ máa pè mí. Ọmọ ọba ni ọ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀." Mo la ẹnu, mo mí sínú, "Màmá" ló jáde. Mo tún un ṣe, "Màmá" náà ló tún jáde. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó burú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń di oúnjẹ àwọn ọmọ tó fẹ́ gbé lọ sí daycare, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Eyínfúnjowó, ṣé orí ẹ pé? Ẹni tó lè bí ẹ lọ́mọ lo fẹ́ máa já orúkọ mọ́ lórí, bíi classmate ẹ?"

"Àǹtí, àwọn fúnra wọn ló ní kí n máa pè wọ́n."

"Kí wọ́n ní kí o máa pè wọ́n, ìyẹn ò ní kó o pè wọ́n. Ṣe bí mo ṣe ṣe nígbà tí mo dé ilé yín, abeg. Ìwọ ni mo bá ńlé, mi ò sì lè pè ẹ́ lórúkọ. Ṣé mi ò wá nǹkan tó dáa pè ẹ́ ni?"

Òótọ́ ló sọ. Eyínfúnjowó ni orúkọ tó fún mi lọ́jọ́ tó wọlé ìyàwó, nítorí pé ẹ̀rín ni mò ń rín nígbà tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọ̀, mo rò pé mo ti rí ọ̀nà àbáyọ. Lọ́jọ́ kejì mo wọlé, mo pe ìyá náà ní Ìbàdí-àrán. Mo ṣàlàyé pé ẹni tí ìbàdí rẹ̀ yẹ aṣọ àrán là ń pè bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní àrán aláwọ̀ búlúù ni òun wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní kí n tún un pè, mo tún un pè. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Orúkọ yìí dára. Ìwọ lo fún mi. Ti ìyá mi ni mò ń tọrọ."

Kí ọdún tó parí, àwọn dókítà sọ pé àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkàn rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ bí àwọn dókítà ṣe ń sọ ọ́, pé ó lè yè é, ó sì lè máà yè é. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Nígbà tí mo débẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, mo bá nọ́ọ̀sì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, òyìnbó tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń pè é lórúkọ. Orúkọ náà gan-an. Gbátúẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dún létí mi, bí ìgbà tí wọ́n gbá àgbà létí. Mo pe nọ́ọ̀sì náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bi í bóyá ó ní ìyá. Mo ní ní ilẹ̀ wa, ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ, pé ìyá tó ń wò yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní kí n má bínú, òun kò mọ̀. Mo wọlé padà pẹ̀lú àyà gbígbé sókè bí ẹni tó ti ogun bọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, tó jẹ́ pé ọ̀la rẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ, ìyá náà bi mí pé, "Kí ló ṣe ọmọ yẹn? Láti àná ló ti ń pè mí ní Màdáámù." Mo jẹ́wọ́. Ó wò mí, kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ohun tó mú kó burú jù nìyẹn. Ó ní lọ́jọ́ tí òun dé, ọmọ náà gbé bébà dání, ó bi òun pé kí ni òun fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Ó ní láti ogún ọdún, ẹnikẹ́ni kò bi òun ní ìbéèrè náà. "Ọjọ́ méjì péré ló fi pè mí," ni ó wí, ó sì yí ojú sí ògiri. Mo sáré wá nọ́ọ̀sì náà káàkiri ilé àwọn aláìsàn, wọ́n ní ó ti lọ fún ìsinmi rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti fi ẹ̀kọ́ ilé gba ohun kan ṣoṣo tí ìyá náà ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó lè dá a padà fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n ń ti ibùsùn rẹ̀ lọ, ẹ́ńjìníà ń kọ orúkọ sí ìwé lọ́dọ̀ àwọn dókítà, èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ náà wà lẹ́nu mi. Mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi tó ń bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀. A dé ẹnu ilẹ̀kùn ńlá méjì, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n tì í wọlé. Ilẹ̀kùn ń padà bọ̀ kí ó tì nígbà tí mo pè é. Mo pè é lórúkọ lásán, ohùn mi sì ròkè ju bí mo ṣe rò lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e kò wá ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, "Ẹ lọ ire o, kí ẹ sì padà wá bá mi." Orúkọ lásán, pẹ̀lú "ẹ". Kò sí olùkọ́ Yorùbá tó máa gbà á wọlé, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ sókè lórí ibùsùn, ó dáhùn ní èdè wọn, ọ̀rọ̀ kékeré kan, bí ọmọdé ṣe ń dáhùn láti yàrá kejì. Ilẹ̀kùn sì tì.

Ó yè é. Ọdún méjì ló tún lò, ọdún méjì náà ni mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ojúmọmọ, orúkọ lásán àti "ẹ". Bí ẹ́ńjìníà bá ti dé, mo ti di ọlọ́mọge tó ní ẹ̀kọ́, "Màmá" ni. Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan lórí àga rẹ̀, tíì rẹ̀ ṣì gbóná.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ẹ́ńjìníà wá bá mi nílé ẹ̀gbọ́n mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní nílé wọn, ikú ló ń dá orúkọ ọmọ ọba obìnrin padà fún un, orí òkúta ibojì ni wọ́n ti ń kọ ọ́ kí gbogbo ayé lè rí i. Òun kò lè kọ orúkọ ọmọ alásè síbẹ̀. Ti àǹtí òun gan-an, òun kò sì mọ̀ ọ́n. Ó ní láti kékeré, bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ pè é lórúkọ nínú tẹlifóònù, òun máa ń sá jáde. "Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n?" ló bi mí, kò lè wò mí lójú.

Mo mú bírò. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé n kò rí orúkọ náà ní kíkọ rí, etí ni mo fi mọ̀ ọ́n. Òun náà kò lè kọ lẹ́tà ilẹ̀ wọn, ọmọ tí wọ́n pọ̀n kúrò nílé ni. Mo bá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kọ orúkọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìró kan wà láàrin rẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní lẹ́tà fún, àwa ní in, mo fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, mo sì fi àmì ohùn sí orí. Ó gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ètè rẹ̀ mì, kò kà á sókè. Ó gbé e fún ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ibojì, ó ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí, kó má yọ nǹkan kan kúrò.

Mo ti dàgbà ju bó ṣe wà nígbà náà lọ báyìí. Mo máa ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí koríko bá ti ń fẹ́ bo etí òkúta náà. Ó pẹ́ kí n tó rántí bó ṣe dún lọ́jọ́ tó sọ ọ́ sí mi létí, kí n tó rí i pé mo ṣì í kọ. Ohùn òkè ni mo fi sí ibi tó yẹ kí ohùn ìsàlẹ̀ wà, nítorí pé bí ahọ́n mi ṣe máa ń gbé e nìyẹn, òun kò sì tún un ṣe fún mi rí. Bí ìyá rẹ̀ ṣe pè é kọ́ ló wà lórí òkúta náà, kì í sì í ṣe bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe pè é. Bí mo ṣe pè é ni.